bc: ẹ̀rọ ìṣirò tí kì í gé nọ́ńbà ńlá kúrú

Ní ọ̀pọ̀ èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, ohun tí ẹ máa rí ni 0.30000000000000004. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́ o. 0 àti 1 nìkan ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́ńbà, 0.1 ò sì ṣeé kọ tán bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí 1/3 ò ṣe ní tán láé bí a bá ń kọ ọ́ ní 0.333. Àyè tí wọ́n fún nọ́ńbà kan kò ju bíìtì 64 lọ, nǹkan bí díjíìtì 15 sí 17 ló gbà. Bí ẹ bá ro 1 mọ́ 9007199254740992 nínú àyè yìí, 9007199254740992 náà ló máa jáde. 1 tí ẹ fi kún un ti wọmi.

Ètò tó ń jẹ́ bc kò gba irú òfò yìí. Lorinda Cherry ló kọ ọ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ó sì jáde pẹ̀lú Unix lọ́dún 1975. Ẹ̀dà rẹ̀ ti GNU ló wọ́pọ̀ lórí Linux lónìí. Ṣe ni bc ń to díjíìtì kọ̀ọ̀kan sínú mẹ́mórì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó tó wá ṣírò bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: láti apá ọ̀tún, 8 àti 5 di 13, kọ 3 sílẹ̀, gbé 1 lọ síwájú. Ẹ tẹ 2^100, gbogbo díjíìtì 31 á jáde láìku ọ̀kan: 1267650600228229401496703205376.

Ìsọdipúpọ̀ ló ń jẹ àkókò. Bí nọ́ńbà méjì bá ní díjíìtì 1000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á bèèrè ìsọdipúpọ̀ kéékèèké mílíọ̀nù kan. Ibí ni ọgbọ́n Anatoly Karatsuba, tó rí i ní Moscow lọ́dún 1960, ti wúlò, mi ò sì tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi tó o nínú ìṣirò. Ẹ wo 23 lọ́nà 41. 2 lọ́nà 4 jẹ́ 8. 3 lọ́nà 1 jẹ́ 3. Ẹ ro 2 mọ́ 3, ẹ ro 4 mọ́ 1, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: 25. Ẹ yọ 8 àti 3 kúrò, ó ku 14. Ẹ fi 8 sí ipò ọgọ́rùn-ún, ẹ fi 14 sí ipò mẹ́wàá: 800, 140 àti 3 di 943. Ìsọdipúpọ̀ mẹ́ta ló ṣe iṣẹ́ mẹ́rin. Bí nọ́ńbà bá gùn, bc ti GNU á là á sí méjì, á tún la ìdajì náà, èrè yẹn á sì máa gorí ara wọn.

Síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa sọ iye díjíìtì tí ẹ fẹ́ lẹ́yìn pọ́ìntì. Bí ẹ bá tẹ 10/3 láìsọ nǹkan kan, 3 lásán lẹ máa rí; àfi kí ẹ kọ́kọ́ tẹ scale=20. Ẹ ṣọ́ra fún ìparí nọ́ńbà pẹ̀lú, torí bc kàn ń gé ibi tó bá dé ni. Bí ẹ bá fi bc -l wá páì nípa títẹ 4*a(1), níbi tí a(1) ti jẹ́ ìdámẹ́rin páì, 3.14159265358979323844 ló máa fún yín, bẹ́ẹ̀ 46 ló yẹ kó parí rẹ̀. Ohun kékeré tó gé lára a(1) ni 4 sọ di ńlá. Nítorí náà, bó bá jẹ́ díjíìtì 20 ni ẹ nílò, ẹ bèèrè 25, kí ẹ má sì ka márùn-ún tó gbẹ̀yìn sí.