ÀGỌ́ ÀTI SÍPÍRÍǸGÌ: BÍ A ṢE Ń YAN WỌ́N FÚN TÍRÉLÀ ÌPÀGỌ́

Ìfáàrà

Bí a bá dárúkọ tírélà, ọkọ̀ gbọọrọ tí ń kó sìmẹ́ńtì ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa lọ́kàn. Kì í ṣe èyí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Tírélà tí a ní lọ́kàn kéré: táyà méjì péré ni ó sábà máa ń ní, jíìpù ni ó sì ń fà á. Inú rẹ̀ ni àwọn arìnrìn-àjò ń kó omi, oúnjẹ àti ibùsùn sí. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń ká àgọ́ tí wọn yóò sùn sí lé. Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, àwọn kan ń fi ọwọ́ ara wọn kan irú tírélà yìí ní àgbàlá ilé wọn. Ìbéèrè méjì ni ó máa ń dojú kọ wọ́n: irú àgọ́ wo ni kí a rà? Irú sípíríǹgì wo ni kí a fi sábẹ́ rẹ̀? Èrò wa ni pé ìbéèrè kan náà ni méjèèjì, àti pé ẹni tí ó bá dáhùn wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lè kábàámọ̀ lójú ọ̀nà.

Ọ̀nà tí a fẹ́ rìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà. Ọ̀nà Gibb River, ní ẹkùn Kimberley ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, gùn tó nǹkan bí 660 kìlómítà. Nítorí kíkó màlúù lọ sí èbúté Derby àti Wyndham ni wọ́n ṣe là á. Yẹ̀pẹ̀ àti òkúta ni ó pọ̀ jù lójú rẹ̀, ó sì rí gbágungbàgun bíi páànù tí a fi ń bo ilé. Àwọn táyà fúnra wọn ni ó ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Táyà yóò ta sókè díẹ̀, yóò balẹ̀, yóò sì ti yẹ̀pẹ̀ jọ. Èyí tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò tún ta níbẹ̀. Bí katakata bá tẹ́ ẹ lónìí, yóò tún padà bí ọkọ̀ bá ti ń gbabẹ̀ kọjá.

Lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, sípíríǹgì ń lọ sókè sódò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàrin wákàtí kan. Bí ó bá dá, mẹkáníìkì lè jìnnà ju 100 kìlómítà lọ, oòrùn yóò máa ràn, omi inú kẹ́ẹ̀gì yóò sì máa dínkù. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Àgọ́ ni àkọ́kọ́

Àgọ́ ni kí a kọ́kọ́ yàn, nítorí òun ni ó ń sọ bí tírélà yóò ti wúwo tó, àti ibi tí ìwúwo náà yóò wà. Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀.

Èkínní ni àgọ́ tí a ń tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà, tí a fi òpó gbé dúró, tí a sì fi èèkàn kàn mọ́lẹ̀. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò ga, ó sì gba ìdílé ńlá. Àléébù rẹ̀ ni pé títa rẹ̀ ń gba àkókò, bí òjò bá sì rọ̀, tòun ti ẹrẹ̀ ni a ó ká a.

Èkejì ni èyí tí ìdérí tírélà ń ṣí dànù tí ó sì ń di ilẹ̀ àgọ́. Ẹsẹ̀ kò kan ẹrẹ̀, títa rẹ̀ sì yá, ṣùgbọ́n ìdérí náà wúwo gan-an.

Ẹ̀kẹta ni àgọ́ orí-òrùlé, tí a ń gun àkàsọ̀ wọ̀. Ìwúwo rẹ̀ sábà máa ń wà láàrin 50 àti 80 kìlógíráàmù. Èyí lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òkè ni ó wà. Ẹrù òkè ni ó ń mú kí ọkọ̀ máa fì, òun náà ni ó sì lè dojú rẹ̀ dé níbi tí ọ̀nà bá dagun.

Aṣọ àgọ́ tí ó dára jù fún irú ìrìn-àjò yìí ni èyí tí a fi òwú àti ọ̀rá pólíẹ́sítà hun pọ̀. Bí òwú bá mu omi, ó ń wú, ó sì ń dí ojú ihò tí abẹ́rẹ́ lu. Ìdí nìyí tí a fi ń bomi rin àgọ́ tuntun, tí a sì ń jẹ́ kí ó gbẹ, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí a tó gbé e rìn. Ẹni tí ó bá ká a ní tútù tí ó sì gbàgbé rẹ̀, yóò bá a níbi tí ó ti bu.

Sípíríǹgì ni èkejì

Oríṣi mẹ́ta ni èyí náà. Ti àkọ́kọ́ ni àwọn irin pẹlẹbẹ tí a tò léra, irú èyí tí ó wà lábẹ́ agbégilódò wa. Bí wọ́n ti ń fara ra ara wọn, wọ́n ń dín ìmì ọkọ̀ kù. Ó rọrùn láti fi sí i, ó sì rọrùn láti gbé ọ̀kan dání. Ṣùgbọ́n irin gbọọrọ kan ni ó so táyà méjèèjì pọ̀, nítorí náà bí ọ̀kan bá gun òkúta, èkejì yóò mọ̀ ọ́n lára.

Èkejì ni irin tí a wé bí ejò tí ó ká jọ. Táyà kọ̀ọ̀kan ní apá irin tirẹ̀, kò sì sí irin kankan tí ó dábùú láàrin tí òkúta lè kọ lù. Ó tẹ́ni lára jù, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kò sì ṣe é lò láìsí ṣọ́ọ̀kì. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni láti sọ ìmì di ooru. Bí ọ̀nà gbágungbàgun bá pẹ́ jù, òróró inú rẹ̀ yóò gbóná, agbára rẹ̀ yóò sì dínkù. Kí awakọ̀ dúró kí ó tutù.

Ẹ̀kẹta ni rọ́bà tí a há sínú páìpù onígun mẹ́rin. Kò fẹ́ gíríìsì, ṣùgbọ́n bí rọ́bà náà bá kú, a kò lè tún un ṣe lójú ọ̀nà. Odindi ni a ó pààrọ̀.

Ìṣirò tí ó so méjèèjì pọ̀

Ká sọ pé tírélà, àgọ́, omi àti gbogbo ẹrù jẹ́ 900 kìlógíráàmù. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, èyí tí í ṣe 90, ni ó yẹ kí ó wà lórí ibi tí a ti so ó mọ́ jíìpù. Ó ku 810. Táyà kọ̀ọ̀kan yóò ru 405. Sípíríǹgì tí ó lè gbé 450 tàbí 500 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tó. Ẹni tí ó bá sọ pé kí òun má baà jìyà, tí ó lọ ra ti 1,000, ìyà ni ó rà: sípíríǹgì tí ó le jù kò ní tẹ̀, tírélà yóò máa ta bí ẹyìn inú páànù, irin tí a jó yóò sì máa là. Òfin pàápàá tẹ̀ lé ìwúwo yìí: ní Ọsirélíà, bí ohun tí táyà ń rù bá ti ju 750 kìlógíráàmù lọ, tírélà gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀.

Àgbálọ-gbábọ̀

Ní tiwa, ẹni tí ó ń kan tírélà fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò ṣe dáadáa bí ó bá lo àgọ́ ìlẹ̀ tí ó fúyẹ́ àti irin pẹlẹbẹ tí a tò léra. Wọn kì í ṣe èyí tí ojú ń fẹ́ jù, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò tún wọn ṣe bí wọ́n bá bàjẹ́ nínú aginjù. Kí ó wọn ẹrù rẹ̀ kí ó tó ra sípíríǹgì. Ẹni tí kò mọ bí ẹrù òun ti wúwo tó kò lè mọ irú ẹsẹ̀ tí yóò gbé e.