Omi Gbígbóná Ìkógòsì: Ohun Tó Yẹ Kí Olómọ Wẹ́wẹ́ Mọ̀

Ará Ìbàfò tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fojú rí omi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ mú gbóná, láìsí iná, láìsí igi ìdáná, kò ní láti wọ bàálù. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá ni yóò tẹ̀ lé. Bó bá ti kọjá Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà, yóò yà ní Ìwàràjà sí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè, títí yóò fi dé agbègbè Àrámọ̀kọ̀; Ìkógòsì-Èkìtì kò jìnnà síbẹ̀ mọ́. Àárọ̀ kùtùkùtù ló yẹ kí wọ́n gbéra, nítorí ojú títì lè gba ìdajì ọjọ́ lọ́wọ́ wọn.

Omi méjì, ibi ìpàdé kan

Ìsun méjì ló ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Ìkógòsì. Ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì tutù, wọ́n sì pàdé nísàlẹ̀ òkè. Ọmọdé lè ti ẹsẹ̀ kan bọ eléyìí, kó ti ìkejì bọ tọ̀hún. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nílùú ni pé ìyàwó ọdẹ kan ni omi méjèèjì, orogún tí ìjà kò jẹ́ kí wọ́n rójú gbélé. Onínúfùfù inú wọn ló di omi gbígbóná.

Ọdún 1952 ni John McGee, òjíṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tún ibẹ̀ ṣe fún àgọ́ àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tó yá, ó di ibùdó ìgbafẹ́ ìjọba, pẹ̀lú ilé àlejò àti odò ìlúwẹ̀ẹ́ tí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ náà ń kún. Gossy, omi inú ike tí ilé-iṣẹ́ UAC gbé jáde, láti Ìkógòsì ni.

Kò sí òkè ayọnáyèéfín tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, nítorí náà òun kọ́ ló ń mú omi yìí gbóná. Òjò ló ń wọ inú àpáta tó ti sán, tó ń rìn lọ sísàlẹ̀ jìnnà níbi tí ilẹ̀ ti ń gbóná sí i, tó sì tún gba ojú sísán mìíràn jáde kí ó tó ráyè tutù.

Báwo ló ṣe gbóná tó?

Ìwé àwọn arìnrìn-àjò sábà máa ń kọ 70°C fún orísun rẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ wọ̀n níbẹ̀ sún mọ́ 38°C, èyí tó fi díẹ̀ ju ìgbóná ara ènìyàn lọ. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré fún olómọ: omi tó bá tó 60°C lè bó awọ ọmọdé láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ìgbọ̀nwọ́ tí ìyá fi ń wo omi ìwẹ̀ ọmọ nílé ni kó fi wo ti ibẹ̀ náà.

Irú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ báyìí wà níbòmíràn. Wikki, nínú ọgbà ẹranko Yankari ní Bauchi, ń wà ní nǹkan bí 31°C láti ọdún dé ọdún. Ní Orílẹ̀-èdè Benin, Possotomè wà létí adágún Ahémé, wọ́n sì ń rọ omi tirẹ̀ náà sínú ìgò tà.

Geyser yàtọ̀ pátápátá. Omi híhó ni, tí ooru ń tì jáde láti inú ilẹ̀ tó fi ń tú sókè fíìì. Strokkur ní Iceland ń tú ní ìṣẹ́jú mẹ́fà sí mẹ́wàá síra wọn. Kẹ́ńyà ní tirẹ̀ létí adágún Bogoria. Nǹkan bí ìdajì gbogbo èyí tó wà láyé ló wà ní Yellowstone ní Amẹ́ríkà, níbi tí omi ti ń hó ní 93°C nítorí gíga ilẹ̀ ibẹ̀. Ó ti lé ní ogún ènìyàn tí omi gbígbóná pa ní ọgbà yẹn, nítorí ilẹ̀ etí omi náà fẹ́lẹ́, ó sì ń jìn. Orí afárá pákó ni àlejò ń gbà, ọwọ́ òbí kì í sì í kúrò lára ọmọ. Wíwò ni, kì í ṣe wíwẹ̀.

Ìṣọ́ra létí omi

Ewu Ìkógòsì kò pọ̀ ní ti jíjóná. Òkúta tó ń yọ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ bẹ̀rù, kí bàtà tó di ilẹ̀ mú wà lẹ́sẹ̀ ọmọ. Àgbà kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó ọmọ nígbà gbogbo. Fóònù kò gbọdọ̀ gba ojú rẹ̀.

Ara ọmọdé tètè ń gbóná ju ti àgbà lọ. Àwọn elétò ìlera Amẹ́ríkà fi 40°C ṣe òpin fún agbada ìlúwẹ̀ẹ́ gbígbóná, wọn kò sì fọwọ́ sí i fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ tó fún àwọn kékeré, kí wọ́n sì mu omi tútù lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n má ri orí bọ omi: kòkòrò àìfojúrí kan wà, Naegleria fowleri, tó ń gbé inú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lóríṣiríṣi ilẹ̀ ayé, tó ń gba imú dé ọpọlọ. Kì í wọ́pọ̀ rárá, àmọ́ bó bá mú ènìyàn, díẹ̀ ló ń là á já.

Bí omi gbígbóná bá jó ọmọ níbikíbi, omi tútù tó ń ṣàn ni kí a dà sójú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí a tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Epo pupa, ẹyin àti ọṣẹ ìfọyín kò gbọdọ̀ kan án.

Ìgbà tó dára

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló rọrùn jù, nígbà tí òjò kò ba ọ̀nà jẹ́, tí etí omi kò sì yọ̀ púpọ̀. Lásìkò ọyẹ́, aṣọ òtútù ṣe pàtàkì fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi. Ẹni tó bá sùn síbẹ̀ mọ́jú lè fi Àríńta, omi tó ń já láti orí òkè ní Ìpólé-Ìlórò nítòsí, kún ìrìn rẹ̀. Gígun ibẹ̀ le, àwọn ọmọ tó ti lè rìn dáadáa fúnra wọn ló yẹ.