Àkànlò Èdè Gẹ̀ẹ́sì Tí Ará Du Lè Tètè Lóye

Bí Yorùbá bá ní ẹnìkan fi àáké kọ́rí, kò sí àáké níbẹ̀. Ó yarí ni. Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú rẹ̀ lọ jàra, ìdánwò WAEC àti JAMB sì fẹ́ràn wọn. Ṣe ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ń há wọn sórí. Ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n wá iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Ẹ wo "pan out". Ní agbègbè Du àti Bùkúrù, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wa kuza, ìyẹn tánganran. Kuza wúwo ju iyanrìn lọ. Bí wọ́n bá bu erùpẹ̀ rẹ̀ sínú igbá, tí wọ́n fi omi yí i pòòyì, iyanrìn a bá omi lọ, kuza a kù sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó rọ́ lọ sí California nígbà tí wọ́n rí wúrà níbẹ̀ ní 1848 ṣe ń fọ wúrà tiwọn. "Pan" ni abọ́ pẹrẹsẹ tí wọ́n ń lò. Bí erùpẹ̀ bá mú wúrà wá, ó "pan out" nìyẹn. Lónìí, ètò tó bá yọrí sí rere ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ibi ìwakùsà kan náà ni "hit pay dirt" ti wá: erùpẹ̀ tó lówó nínú. Ẹni tó bá ṣe é ti bọ́ sórí ohun tó lérè.

Àwọn àkànlò èdè kan máa ń ṣini lọ́nà. Ojú ìwé ni "leaf" inú "turn over a new leaf", kì í ṣe ewé igi; ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí ènìyàn yí ìwà padà sí rere. Ẹni tí ọyẹ́ Jos ń nà lè rò pé ọyẹ́ náà ló ń jẹ́ "under the weather". Rárá o. Kí ara má yá díẹ̀ ni, ì báà jẹ́ nínú ooru.

Wọn kì í pààrọ̀ ọ̀rọ̀ inú àkànlò èdè. Bí ẹ bá fi orúkọ ohun èlò mìíràn rọ́pò "bucket" nínú "kick the bucket", kò ní ìtumọ̀ ikú mọ́. Àwàdà sì wà nínú "kick the bucket". Bí a kò ṣe ní sọ pé ọba ta téru nípàá, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ nínú lẹ́tà ìbánikẹ́dùn. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ibi tí wọ́n ti lè lò ó, kì í ṣe ìtumọ̀ nìkan.