Ọ̀rá Tó Ń Pàṣẹ fún Sẹ́ẹ̀lì

Ẹ dárúkọ ọ̀rá ní kíláàsì wa, ikùn ńlá àti epo tó léfòó lórí ọbẹ̀ ni gbogbo èèyàn á rántí. Ọ̀rá kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí kò sì kan ikùn ẹnikẹ́ni. Inú awọ sẹ́ẹ̀lì ló ń gbé. Orúkọ rẹ̀ gùn gan-an, torí náà PIP2 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é.

A ti kọ́ ọ ní báyọ́lọ́jì pé ìpele ọ̀rá méjì ló di awọ sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n awọ yẹn kì í ṣe ògiri lásán o. Díẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀ ń jíṣẹ́.

Ká ní ọ̀bẹ gé yín lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dì lójú ọgbẹ́ á tú ohun kan sílẹ̀ tó ń ké sí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìtòsí pé kí wọ́n pọ̀ sí i. Ìpè yìí kì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí. Bó bá ti kanlẹ̀kùn, ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ PI3K á sáré wá síbi awọ náà, á fi fọ́síféètì kan kún PIP2. PIP2 di PIP3 nìyẹn. Fọ́síféètì kan péré! Ọdún 1988 ni Lewis Cantley àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ síta pé ipò kẹta lára ọ̀rá ni ẹ́ńsáìmù yìí ń fi fọ́síféètì sí.

PIP3 dà bí àtùpà tí ìyá alákàrà gbé síta lálẹ́. Àtùpà kọ́ ló ń dín àkàrà, ṣùgbọ́n òun ni oníbàárà ń wò kó tó yà. Oníbàárà tiwa níbí ni purotéènì kan tó ń jẹ́ AKT. Tó bá kan PIP3, á lẹ̀ mọ́ ọn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti jí i. Á wá pàṣẹ: gba ṣúgà wọlé, ṣe purotéènì tuntun, má kú, pín sí méjì.

Lójú tèmi, ẹni tó ń pa àtùpà yìí ló ṣe pàtàkì jù. PTEN ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1997 ni wọ́n rí jíìnì rẹ̀. Ó ń yọ fọ́síféètì yẹn kúrò kí PIP3 lè padà di PIP2. Tí PTEN bá bàjẹ́, ọgbẹ́ á ti jinná, àtùpà á ṣì máa jó, sẹ́ẹ̀lì á ṣì máa pín. Wọ́n máa ń bá PTEN tó bàjẹ́ nínú jẹjẹrẹ ilé ọmọ, ti prostate àti ti ọpọlọ. Ládùúgbò, wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Fọ́síféètì tí kò rí ẹni yọ ọ́ ni, kì í ṣe ayé.

Ẹni tó bá sì fẹ́ sá fún epo pupa nítorí ohun tí mo kọ yìí, kó jókòó jẹ́jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń ṣe PIP3.

Ní 2019, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan, alpelisib, tó ń dí PI3K lọ́wọ́, fún irú jẹjẹrẹ ọyàn kan tí jíìnì PI3K ti yí padà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń lò ó sábà máa ń lọ sókè, torí PI3K yìí kan náà ni ínsúlínì ń rán níṣẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tó gba ṣúgà wọlé. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi gbọ́dọ̀ máa yẹ ṣúgà wọn wò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń lo oògùn náà.