Ẹ Jẹ́ Kí Màmá Dìde

Bíbélì kíkà: Jóṣúà 14:6-12

Ní ilé kan tí mo mọ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, wọ́n ṣe àmín àdúrà òwúrọ̀, gbogbo ilé sì dìde, àfi màmá àgbà. Wọn kò lè dìde lórí eékún. Ọmọ méjì ló gbé wọn dìde. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ kò jẹ́ kí màmá kúnlẹ̀ mọ́, kò jẹ́ kí wọ́n gbálẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n rìn dé ọjà. Orí àga ni oúnjẹ ń bá wọn: ògì ní òwúrọ̀, àmàlà díẹ̀ ní alẹ́. Àwọn ọmọ a sì máa wí pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kí ọdún tó yípo, màmá kò lè dá lọ sí ilé ìwẹ̀ mọ́.

Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà ń gba agbára lọ́wọ́ màmá.

Ohun tó ṣe wọ́n ní orúkọ. Ní 1989, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Irwin Rosenberg, pè é ní sarcopenia, láti inú èdè Gíríìkì tí a fi kọ Májẹ̀mú Titun: sarx ni ẹran ara, penia ni àìní. Láti nǹkan bí 30 sí 40 ọdún ni iṣan ara ti ń dínkù díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn 60 ọdún, ó ń yára sí i. Ìjókòó sójú kan àti oúnjẹ tí kò ní ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin ń dá kún un. Àgbà náà kò ní lè dìde lórí àga láì fi ọwọ́ tì í, ìṣubú yóò sì máa wáyé.

Ṣé agbára lè padà? Ní 1990, Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston kọ́ arúgbó 10, ẹni ọdún 86 sí 96, láti máa fi ẹsẹ̀ gbé ohun wúwo fún ọ̀sẹ̀ 8. Agbára ẹsẹ̀ àwọn tó ṣe é parí ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn méjì kò lo ọ̀pá mọ́.

Oníwàásù orí 12 kò fi pa mọ́ pé alágbára yóò tẹ̀ ba. Síbẹ̀, nígbà tí Kálẹ́bù pé ẹni ọdún 85, òkè ni ó béèrè, kò béèrè àga. Olúwa ló dá a sí, òun náà kò sì dẹ́kun ìrìn.

Nítorí náà, ẹ dúró ti màmá, kí wọ́n dìde lórí àga kí wọ́n tún jókòó, ní ìwọ̀n tí agbára wọn bá gbé, lójoojúmọ́. Ẹ fi mọ́ínmọ́ín tàbí ẹyin ti ògì wọn. Bí wọ́n bá ní àrùn ọkàn, àtọ̀gbẹ tàbí kídìnrín, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà, pàápàá kí wọ́n tó gba ààwẹ̀. UCH ní Ìbàdàn ti ní ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbà láti 2012.

Màmá tí mo sọ yìí ti ń dìde lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Wọn kò tíì lè kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń dá lọ sí ilé ìwẹ̀. Òótọ́ ni pé òkété àgbà ń mu ọmú ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń mu ún.

Àdúrà: Olúwa, kọ́ wa láti bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá wa láì sọ wọ́n di ẹlẹ́wọ̀n orí àga. Tún eékún tó ń yẹ̀ ṣe, ní orúkọ Jésù. Àmín.