Ka Igun Rẹ̀ Kí O Tó Pè É Lórúkọ

Bí o bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ní Òmù-Àrán tàbí ní ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, gbójú sókè wo òrùlé kí wọ́n tó kan páànù mọ́ ọn. Ìwọ yóò rí i pé igun mẹ́ta mẹ́ta ni káfíńtà to igi síbẹ̀. Kí ló dé tí kò fi tò wọ́n ní igun mẹ́rin mẹ́rin nìkan? Ìwọ yóò mọ ìdáhùn nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí o kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní onígun-púpọ̀.

Onígun-púpọ̀ ni àwòrán pẹlẹbẹ tí ìlà tí ó tọ́ gbọnrangandan yí ká, tí kò sì sí àlàfo níbi tí àwọn ìlà náà ti pàdé. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni a ń pè ní ẹ̀gbẹ́. Ibi tí ẹ̀gbẹ́ méjì ti pàdé ni igun. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́ta, nítorí pé ìlà méjì tí ó tọ́ kò lè yí nǹkan ká. Iye ẹ̀gbẹ́ tí ó bá ní náà ni iye igun rẹ̀.

Ẹnu ìkòkò kì í ṣe onígun-púpọ̀, nítorí pé róbótó ni. Kò ní igun kankan. Bí wọ́n bá mú ọ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1945, tí ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, wo orí àti èjìká àwọn ère òkúta ibẹ̀. Wọn kò ní ẹ̀gbẹ́ tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n ojú ìwé tí o bá fi kọ ohun tí o rí sílẹ̀, onígun-púpọ̀ ni.

Iye igun ni a fi ń sọ onígun-púpọ̀ lórúkọ. Èyí tí ó ní mẹ́ta ni onígun mẹ́ta. Èyí tí ó ní mẹ́rin ni onígun mẹ́rin. Wo bọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú àti funfun tí a máa ń gbá. Awẹ́ dúdú 12 tí ó wà lára rẹ̀ jẹ́ onígun márùn-ún. Awẹ́ funfun 20 jẹ́ onígun mẹ́fà. Onígun mẹ́fà náà ni ojú ihò afárá oyin. Àmì pupa tí ó ń sọ fún awakọ̀ pé kí ó dúró jẹ́ onígun mẹ́jọ. Awakọ̀ tí ó mọ̀ ọ́n lè dá a mọ̀ kí ó tó ka ohun tí wọ́n kọ sí i.

Bí mo bá ya onígun mẹ́ta sójú pátákó, tí mo sì kọ ṣóńṣó rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, àwọn ọmọ kan a ní kì í ṣe onígun mẹ́ta mọ́. Bí ewúrẹ́ bá dùbúlẹ̀, ṣé ó ti di àgùntàn nìyẹn? Má wo bí ó ṣe dúró, má sì wo bí ó ṣe tóbi tó. Ka igun rẹ̀.

Onígun mẹ́rin pé oríṣìíríṣìí. Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gún régé bí igun ojú ìwé, onígun mẹ́rin gbọọrọ ni. Bí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tún dọ́gba, ọlọ́gbọọgba ni. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra! Wọ́n gbé férémù ilẹ̀kùn kan wá sí ilé wa nígbà kan. Ọ̀tún àti òsì rẹ̀ dọ́gba. Òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn kò pa dé, òjò sì ń fẹ́ wọlé. Àgbà káfíńtà kan na okùn láti igun òkè lọ́tùn-ún dé igun ìsàlẹ̀ lósì, ó sì tún nà án láti òkè òsì dé ìsàlẹ̀ ọ̀tún. Èkíní gùn ju èkejì lọ. Férémù náà ti wọ́! Ká ní méjèèjì dọ́gba ni, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ì bá gún régé.

Wàyí o, mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tí ó gùn dọ́gba, kí o fi òwú so orí wọn pọ̀ ní onígun mẹ́rin. Tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Yóò wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ kankan kò gùn sí i. So mẹ́ta pọ̀, kí o sì tì í. Kò ní wọ́, nítorí pé igun onígun mẹ́ta kò lè yí padà àfi bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan bá gùn sí i tàbí tí ó kúrú. Ìdí nìyí tí káfíńtà fi ń lo igun mẹ́ta, kí atẹ́gùn má baà ti òrùlé wọ́.

Ìdánrawò
1. Kí ló dé tí ẹnu ìkòkò kì í fi í ṣe onígun-púpọ̀?
2. Onígun-púpọ̀ kan ní igun mẹ́jọ. Ẹ̀gbẹ́ mélòó ni ó ní?
3. Fi okùn wọn férémù fèrèsé kíláàsì rẹ bí àgbà káfíńtà ti ṣe. Ǹjẹ́ ó gún régé?
4. Padà sí onígun mẹ́rin tí o fi òwú so. Ibo ni ìwọ yóò so igi kan ṣoṣo sí kí ó má baà wọ́ mọ́? Onígun mẹ́ta mélòó ni ó di?