Owó Ẹyọ Méjì ní Sokoura

Àwọn òbí Yorùbá kan ń ṣòwò ní Sokoura, ní ìlú Bouaké, tí wọn kò ka ìwé Faransé. Bí ọmọ bá gbé ìṣirò ìṣeéṣe wálé, wọn a ní, “Lọ bi olùkọ́ rẹ.” Bẹ́ẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ wà nínú àpò wọn.

Ìbéèrè lè rí báyìí: a ju owó ẹyọ méjì sókè, kí ni ìṣeéṣe pé àwòrán ẹja yóò hàn, ó kéré tán lára ọ̀kan? Ọmọ a ní ẹja méjì, ẹja kan, tàbí kí ẹja má sí. Nítorí náà, ìdá 2 nínú 3. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Kí ojú má tì í: d'Alembert, ògbóǹkangí onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Faransé, fúnni ní ìdáhùn àṣìṣe yìí kan náà nínú ìwé Encyclopédie ní 1754.

Ẹ mú owó ẹyọ 50 CFA kan àti 100 kan. Ẹja wà ní ojú kan àwọn méjèèjì, iye owó wà ní ojú kejì. Ẹja lórí 50, iye lórí 100: ọ̀nà kan nìyẹn. Iye lórí 50, ẹja lórí 100: ọ̀nà mìíràn ni, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó jẹ yín ní 50 kì í ti í ṣe ẹni tí ó jẹ yín ní 100. Ẹ fi ẹja méjì àti iye méjì kún un, ó di ọ̀nà 4, tí wọ́n jọ ní àǹfààní ọgbọọgba. Ẹja wà nínú 3. Ìdá 3 nínú 4 ni ìdáhùn.

Bí ọmọ bá jiyàn, ẹ jùmọ̀ ju ú ní ìgbà 100, kí ẹ máa fa ìlà. Ó lè má jẹ́ 75 géérégé. 71 tàbí 80 kò yani lẹ́nu. Bí ẹ bá ju ú ní ìgbà 1,000, ìdá náà yóò sábà túbọ̀ súnmọ́ 3 nínú 4. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìyẹn sí ọjọ́ tí ẹ kò bá lọ sọ́jà.